"Kò Ṣe Mí Nǹkan Kan": Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Ká Ṣọ́ra Fún Lẹ́yìn Ìjàǹbá Ọ̀nà

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ìjàǹbá ńlá tí gbogbo ìlú máa ń sunkún sí. Ti kékeré ni, èyí tí kì í dé etí oníròyìn.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ọjọ́ ọjà ni. Ìyá kan gun zémíjàn, igbá ata wà lórí itan rẹ̀, àpò gààrí wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ kan fẹ́ yà fún kòtò, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá alùpùpù náà. Ìyá ṣubú, oní-zémíjàn ṣubú, ata fọ́n ká. Àwọn ènìyàn sáré dé: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́!" Wọ́n gbé e dìde, wọ́n gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, wọ́n bu omi sí i lójú. Wọ́n bi í pé ṣé kò sí. Ìyá ní: "Ẹ ṣeun, kò ṣe mí nǹkan kan. Orí mi ló kàn gbá ilẹ̀ díẹ̀." Awakọ̀ yọ 5,000 sẹ́fà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pe ọlọ́pàá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè, wọ́n ṣa ata, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ń parí sí, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ní òru ọjọ́ yẹn, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, oorun tí kò ṣeé jí á máa gbé e lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹkún ti sọ nínú ilé. Àwọn ará ilé á máa wí pé: "Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lánàá!" Àwọn mìíràn á máa wá ẹni tó ṣe é. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

Èrò tiwa nìyí: kò yẹ kí ẹni tí ọkọ̀ gbá máa dá ẹjọ́ ara rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ "kò ṣe mí nǹkan kan" kì í ṣe irọ́. Ohun tí onítọ̀hún ń rí lára ní wákàtí yẹn ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ara kì í tètè sọ gbogbo òtítọ́. A kò ní kí gbogbo ẹni tí orókún rẹ̀ bó sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ohun tí à ń wí ni pé kí a mọ ìgbà tó yẹ ká lọ àti ìgbà tí a lè dúró sílé, kí a má sì fi ẹni tó dúró sílé sílẹ̀ láìní olùṣọ́.

Kí ló dé tí ara fi ń pa òtítọ́ mọ́? Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn lójijì, ara máa ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí àyà máa lù kìkì, tí agbára á dé, tí ìrora á fà sẹ́yìn. Òun ló ń jẹ́ kí ẹni tí ajá ń lé fo ògiri tí kò lè fò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oje náà bá rọlẹ̀, ìrora á wá yọjú. Ìdí nìyí tí ọrùn àti ẹ̀yìn fi máa ń le ní ọjọ́ kejì ju ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ. Èyí tó jẹ́ ti ẹran ara lásán kì í pa ni, yóò lọ bó pẹ́ bó yá. Èyí tó ń pa ni ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú, níbi tí ojú wa kò tó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí. Agbárí wa le, kì í fẹ̀ bí ikùn. Bí orí bá gbá ilẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lè ya láàárín agbárí àti ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ á máa kó jọ díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀. Kí ó tó pọ̀ débi tí yóò fi máa tẹ ọpọlọ, ènìyàn lè máa sọ̀rọ̀, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó jẹun, kí ó tiẹ̀ padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Àlàáfíà ẹ̀tàn yìí lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè gba wákàtí mélòó kan. Bí ó bá parí, ojú á yí padà kíákíá. Bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn ńlá, àwọn dókítà lè ṣí ojú ibẹ̀ kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Bí a bá pẹ́, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àìlówó nìkan nìyí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2009, Natasha Richardson, òṣèré fíìmù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ayé mọ̀, ṣubú nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín ní ìpínlẹ̀ Quebec ní ilẹ̀ Kánádà. Kò wọ akoto. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tó ṣe òun. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dé, wọ́n dá a padà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ó kú ní New York, ẹni ọdún 45. Ẹ̀jẹ̀ tó kó jọ sáàárín agbárí àti ọpọlọ ló pa á. Obìnrin yìí lówó. Ọ̀rọ̀ "kò ṣe mí nǹkan kan" náà ló gba àkókò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lórí yìnyín tó rọ̀, kí ni ká sọ nípa ọ̀dà àti òkúta tiwa?

Lẹ́yìn orí, ikùn ló kàn. Lábẹ́ egungun ìhà òsì, ẹ̀yà ara kan wà tó rọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wà ní ọ̀tún. Bí ọwọ́ alùpùpù bá gún ènìyàn níkùn, tàbí tí bẹ́líìtì ọkọ̀ fà á mọ́ra gidigidi, èyíkéyìí nínú wọn lè ya. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà fún wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọjọ́ díẹ̀, kí a tó mọ̀. Àmì rẹ̀ ni ikùn tó ń dun ni sí i, tó ń le tàbí tó ń wú, òòyì tó ń kọ́ ni bí a bá dìde, òógùn tútù, àti ìrora kan ní èjìká òsì tí a kò mọ ohun tó fà á, nígbà tó jẹ́ pé èjìká kò gbá nǹkan kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ó lè rọrùn fún ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọjà. Òun ni ẹni tó dákú, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń bì léraléra. Ẹni tí orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i. Ẹni tó ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wótòwótò tàbí tó ń bi yín ní ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́wàá. Ẹni tí gìrì mú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ṣẹ́lẹ́ṣẹ́lẹ́ ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀. Ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri tàbí tó ń ṣe é bí ìgbà tí èèrà ń rìn níbẹ̀. Ẹni tí mímí ń ni lára. Ẹni tí àyà tàbí ikùn ń dùn gan-an. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Àti ẹni tí egungun àárín ọrùn ń dùn. Ẹni tí ọrùn ń dùn yìí, ẹ má fà á dìde, ẹ má gbé e gun alùpùpù. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ síbi tó wà bí ewu mìíràn kò bá sí níbẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má yí, kí ẹ sì pe àwọn panápaná tí à ń pè ní pọ́mpíyè. Nọ́ńbà wọn ní Benin àti ní Tógò ni 118.

Èkejì ni ti ẹni tí ó yẹ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yẹ̀ wò ní ọjọ́ náà gan-an, bí kò tilẹ̀ sí ibi tó ń dùn ún. Aboyún ni ẹni àkọ́kọ́. Bí aboyún bá ṣubú tàbí tí ọkọ̀ gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ibi ọmọ lè ṣí kúrò lára ilé ọmọ láìjẹ́ pé ìyá rí ọgbẹ́ kankan. Kí wọ́n gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, kí wọ́n sì dá a dúró fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, tí ikùn bá ń le, tàbí tí ọmọ kò mira mọ́, ẹ má dúró rárá. Ọmọ ọwọ́ ni ẹni kejì, torí pé kò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Bí ó bá ń sunkún láìdákẹ́, tí kò mu ọyàn, tàbí tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú sókè, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá nìyẹn. Àgbàlagbà ni ẹni kẹta, àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ fi ẹni tó já láti orí ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù kún wọn, àti ẹni tí ọkọ̀ gbá nígbà tó ń fẹsẹ̀ rìn, àti ẹni tí alùpùpù jù nù.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà, torí pé ibẹ̀ ni a ti máa ń ṣi nǹkan mú jù. Bí baba ẹni àádọ́rin ọdún bá fi orí gbá nǹkan, ẹ̀jẹ̀ lè máa sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú orí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbogbo ènìyàn á ti gbàgbé ìṣubú náà. Baba á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ ọmọ, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn, orí á máa fọ́ ọ, ìwà rẹ̀ á yí padà. Àwọn ará ilé á ní arán ló ń ṣe baba, àwọn mìíràn á máa fi ojú burúkú wo ìyàwó àgbà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ oṣù tó kọjá ló ń tẹ ọpọlọ, irú rẹ̀ sì wà tí iṣẹ́ abẹ ń wò sàn. Bí ẹ bá rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ lára àgbà, ẹ béèrè: "Ǹjẹ́ baba ṣubú láìpẹ́ yìí?" Kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó lè dúró sílé. Ó bó lára díẹ̀, ara ń ro ó, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú àwọn àmì tí a kà sílẹ̀ lókè. Kí ó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kí ó má dá sùn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, òru àti ọ̀sán. Oorun kì í ṣe èèwọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí wọ́n jí i bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní òru àkọ́kọ́, kí wọ́n bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà. Bí ó bá dáhùn geere, kó padà sùn. Bí kò bá dáhùn bó ṣe yẹ, ẹ gbéra. Bó bá sì ní ọgbẹ́ tí eruku tàbí ìpẹtà wọ̀, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ lọ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àìsàn tó ń mú ẹnu há, tó ń mú ara le bí igi. Ọgbẹ́ kékeré náà lè fà á.

Ẹni tó wà ní abà tàbí abúlé tó jìnnà, ó ní ohun kan láti rò mọ́ ọn: bí ó ti rọrùn láti rí ọkọ̀ ní ọ̀sán kọ́ ló rí ní òru. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó lọ tí wọ́n sọ fún pé kò sí nǹkan, kò pàdánù. Ilé ìwòsàn abúlé lè má ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ṣùgbọ́n wọ́n lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n wo ẹyinjú, kí wọ́n tẹ ikùn wò, kí wọ́n sì kọ ìwé fún un láti lọ sí ilé ìwòsàn tó jù wọ́n lọ.

Àwọn ohun kan wà tí à ń ṣe pẹ̀lú inú rere, tó sì ń pa ènìyàn. Sódábì tí a ń fún ẹni tó ṣubú kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, ó ń bo àmì mọ́lẹ̀. A kò ní mọ̀ bóyá ọtí ló ń pa á tàbí orí. Tramadol tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ń mú oorun àti èébì wá, àwọn ohun tí à ń ṣọ́ gan-an. Aspirin àti ibuprofen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú pọ̀ sí i. Bí ìrora bá pọ̀, paracetamol ni kó lò, ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọrùn rẹ̀ tàbí kó fi òrí pa ikùn tó ń dùn. Àwọn baba wa tó ń to egungun ní iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ wọn, a kò bú wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè mọ ohun tó wà nínú agbárí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ èyí, àwọn fúnra wọn ló ń sọ pé: "Ẹ kọ́kọ́ gbé e dé ilé ìwòsàn ná." Irú àgbà bẹ́ẹ̀ la yìn.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ: owó dà? Òótọ́ ni. Ẹni tó ń ta ata kò ní owó àyẹ̀wò nínú ìgbànú. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé wọn kò ní dá òun lóhùn bí òun kò bá san nǹkan sílẹ̀, ẹlòmíràn ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, ẹlòmíràn kò fẹ́ kí ọjà òun bàjẹ́. A kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo 5,000 tí awakọ̀ yọ yẹn. Òfin ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní CIMA, tí Benin àti Tógò jọ ń lò, sọ pé dandan ni kí ọkọ̀ ní asíránsì tó máa san owó fún ẹni tó bá ṣe léṣe, asíránsì náà kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù 12 lẹ́yìn ìjàǹbá kó tó mú owó tó fẹ́ san síwájú ẹni náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san án fún ẹni tí kò ní ìwé? Ìwé dókítà ti ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìwé tí ọlọ́pàá kọ ni ẹ̀rí. Ẹni tó gba 5,000 tó sì lọ sílé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ni yóò fi hàn? Nítorí náà, bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ bá awakọ̀ ṣẹjọ́, ẹ gba orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti orúkọ asíránsì rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí ní ọjọ́ náà. Àánú kò ní kí a má ní ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ wa kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú nìkan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ ní àjọ fún ìgbéyàwó, ẹ ní àjọ fún òkú. Ẹ jẹ́ ká ní àpótí kékeré kan fún ìjàǹbá, tí ẹnì kan á máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, kí owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́ má di ohun tí à ń wá kiri ní òru. Owó tí à ń dá fún òkú, bí a bá mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún alààyè, òkú á dín kù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ zémíjàn, ẹ jẹ́ kó di òfin láàárín yín pé ẹni tó bá gbé èrò ṣubú ni yóò rí i pé èrò náà dé ilé ìwòsàn tàbí ọwọ́ ará ilé rẹ̀, kì í ṣe pé kó sá. Kí akoto wà fún èrò náà, kì í ṣe fún ẹ̀yin nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn, a bẹ̀ yín, ẹ wo ojú aláìsàn kí ẹ tó wo ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dá ẹnì kan padà ní ẹnu ọ̀nà nítorí owó, ogún ènìyàn ló gbọ́, wọn kò sì ní wá mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá, iṣẹ́ yín ló tóbi jù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹni tó ṣubú bá ní kò ṣe òun nǹkan kan, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gbà á gbọ́ tán. Ẹ mú un jókòó sí ibòji. Ẹ bi í bóyá orí gbá nǹkan, bóyá ó dákú, bóyá oyún wà nínú rẹ̀, bóyá ibì kan kú tipiri. Ẹ pe ará ilé rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ sọ fún wọn pé: "Ó ṣubú lónìí o, ẹ máa ṣọ́ ọ di ọ̀la." Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ata tó fọ́n ká sílẹ̀ ṣeé ṣà lẹ́yìn náà.

Kí Olódùmarè má fi ojú ọ̀nà ṣe ẹlẹ́rìí ikú wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá gbá wa díẹ̀, kí a má fi ẹnu ara wa dá ara wa láre. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá wa ná.